Ẹ̀jẹ̀ ni tàbí Ìyà? Iṣẹ́ Ìwádìí W. E. B. Du Bois lórí Ìlera Àwọn Aláwọ̀ Dúdú ní Amẹ́ríkà

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sí iyàn jíjà ní Amẹ́ríkà pé àwọn aláwọ̀ dúdú ń kú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ìdí rẹ̀ ni ìjà wà lé lórí. Ní ọdún 1896, Frederick Hoffman, oníṣirò ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò Prudential, tẹ ìwé kan jáde tí ó kún fún ìṣirò. Ohun tí ó ń wí ni pé àbùdá ìran wọn ni ó ń pa wọ́n, kì í ṣe ipò tí wọ́n wà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Láti ọdún 1881 ni Prudential ti dín owó tí ẹbí aláwọ̀ dúdú yóò gbà lẹ́yìn ikú ènìyàn wọn kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni owó tí wọ́n ń dá kò dín. Ìwé Hoffman wá di ẹ̀rí tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ń wá.

Ọdún yẹn kan náà ni Yunifásítì Pennsylvania gba Du Bois, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard, láti ṣe ìwádìí ní àdúgbò Seventh Ward ní Philadelphia. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ gbé ibẹ̀. Ojúlé dé ojúlé ni ó ń lọ, tí ó ń bèèrè iye ènìyàn inú ilé, iṣẹ́ wọn, àti bí ibùgbé wọn ti rí. Nínú ìdílé 2,441, 334 péré ni ó ní balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi tí wọ́n lè lò. Iye kan ṣoṣo yìí ju ọ̀pọ̀ àròyé lọ. Ọdún 1899 ni ìwé náà, The Philadelphia Negro, jáde.

Bí Du Bois ti ṣe ìfiwéra rẹ̀ ni ó yẹ fún àfiyèsí jù. Hoffman fi dúdú wé funfun láìya òtòṣì sọ́tọ̀. Nígbà tí Du Bois ṣe àgbéyẹ̀wò ìwé náà ní ọdún 1897, ó tọ́ka sí àwọn ìlú bíi Montreal, Naples, Belfast àti Madrid, níbi tí ìwọ̀n ikú ti tó ti àwọn aláwọ̀ dúdú inú ìlú ńlá Amẹ́ríkà, tí ó sì jù ú lọ nígbà mìíràn. Bí ẹ̀jẹ̀ dúdú bá ni ó ń pani, ẹ̀jẹ̀ wo ni ó ń pa ará Naples? Ní ọdún 1906, nínú ìwé tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ ní Yunifásítì Atlanta, ó fi hàn pé àìsàn ìgbé-ayé ni ikọ́ ẹ̀gbẹ pàápàá, kì í ṣe ti ìran: àwọn aláwọ̀ funfun ní apá kan New York àti Chicago ń kú nípa rẹ̀ ju àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú mìíràn lọ.

Síbẹ̀, ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú agbára ìwádìí ti mì ṣáájú ìgbà náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1899, gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń mú lẹ́tà lọ sọ́dọ̀ oníwèé ìròyìn kan ní Atlanta nípa ọ̀ràn Sam Hose. Lójú ọ̀nà ni ó ti gbọ́ pé àwọn jàǹdùkú ti pa ọkùnrin náà láìsí ìdájọ́, wọ́n sì ti pàtẹ eegun ìka ọwọ́ rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù níwájú. Ó yí padà. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, dífítéríà pa àkọ́bí rẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì.

Ní ọdún 1910, ó fi Atlanta sílẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ NAACP, níbi tí ó ti dá ìwé ìròyìn The Crisis sílẹ̀. Pípe èyí ní kíkọ ẹ̀yìn sí ìmọ̀ kò tọ̀nà. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n lo ìwádìí náà ni kò kà á sí. Ọdún 1963 ni Du Bois kú sí Accra. Ní ọdún 1985, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn kan jáde, èyí tí ó ṣírò rẹ̀ pé bí 60,000 ikú ni ó ń pọ̀ jù lọ́dọọdún láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ìran kékeré mìíràn.