Iná Funfun Iwájú Ọkọ̀ àti Ojú Awakọ̀ Lóru

  Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ibà, kì í sì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀rọ̀ iná ọkọ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bèèrè pé kí ni ó kan nọ́ọ̀sì nínú iná mọ́tò, kí ó ní sùúrù díẹ̀, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ojú ni mo ń sọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n mú bàbá kan tí ń wa kórópe wá sí dìsípẹ́ńsárì wa ní agbègbè Ajah. Ó tó ẹni ọdún 58. Orúnkún rẹ̀ bó, iwájú orí rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ sì ya. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti lọ kọ lu ọmọláńké tí wọ́n to kẹ́ẹ̀gì omi sí, ní ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tóóró tí ó yà kúrò lára títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Ọlọ́run ni ó yọ ẹni tí ń ti ọmọláńké náà, nítorí ó ti fò sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà.

Bí mo ti ń fọ ojú egbò, bàbá náà ń ráhùn. Ó ní, “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mi ò mutí, mi ò sì tòògbé. Ọkọ̀ kan ni ó ń bọ̀ níwájú mi, iná rẹ̀ funfun báláú. Funfun yẹn nìkan ni mo rí. Kí ojú mi tó padà là, mo ti wà lórí ọmọláńké.”

Mo dá a lóhùn pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá, ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀, kí ètè yín má baà tún ṣẹ̀jẹ̀.” Ṣùgbọ́n àyà mi ti já, nítorí ọkọ̀ tèmi tí mo gbé síta níwájú dìsípẹ́ńsárì, irú iná bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó wà lórí rẹ̀. Kò tíì pé oṣù kan tí mo fi í sí i.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bá mi ṣe wáyà ọkọ̀ ni ó wò mí lójú tí ó ní, “Mọ́mì, gílóòbù pupa yìí ti di ti ayé àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi LED sí i fún yín, ẹ ó máa rí abẹ́rẹ́ nílẹ̀.” Èmi náà sì gbà. Ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, inú mi dùn bí ọmọdé tí ó gba aṣọ ọdún. Láti ìsàlẹ̀ afárá Ajah títí dé Ṣàngótẹ̀dó ni mo ń ka pátákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí ẹni ń ka ìwé. Àwọn ọlọ́kọ̀ tí à ń pàdé ń ṣẹ́ iná sí mi, mo rò pé wọ́n ń kí mi ni. Kò yé mi pé èpè ni.

Nísinsìnyí, kí ni ìyàtọ̀ iná méjèèjì? Nínú gílóòbù pupa rúsúrúsú tí a mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní hálójìn, okùn irin tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tí iná mànàmáná máa ń mú gbóná títí yóò fi tàn. Atẹ́gùn kan tí wọ́n sé mọ́ inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí gílóòbù náà tètè dúdú. Ní ọdún 1962 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sórí ọkọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Wáàtì 55 ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń jẹ, ooru ni ó sì ń sọ èyí tí ó pọ̀ nínú agbára yẹn dà. LED kò ní okùn irin rárá. Èso kékeré kan ni, tí ń mú ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run jáde. Wọ́n fi ohun kan tí ó pupa rúsúrúsú bò ó lójú, kí àpapọ̀ méjèèjì lè di funfun. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta tí a bí ní Japan, tí iṣẹ́ wọn bí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run yìí gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2014. LED kì í jẹ iná púpọ̀, ó sì máa ń pẹ́ ju hálójìn lọ fíìfíì. Mi ò bá a jà.

Ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é bá fi LED sí láti ìbẹ̀rẹ̀, tí awo àti gíláàsì rẹ̀ sì jẹ́ ti LED, iná rẹ̀ dára púpọ̀, ó ń lọ jìnnà, ó sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró. Ní Amẹ́ríkà, àjọ kan wà tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò dá sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní IIHS. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń dán iná ọkọ̀ wò. Ní ọdún 2021 wọ́n sọ pé ọkọ̀ tí iná rẹ̀ gba ipò “dára” ní ọwọ́ wọn kì í sábà dá nìkan ní ìjàǹbá lóru tó ti ọkọ̀ tí iná rẹ̀ gba ipò “kò dára”. Ìyàtọ̀ náà tó nǹkan bí 19 nínú 100. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, kì í ṣe bí iná ti mọ́lẹ̀ tó nìkan ni wọ́n ń wò. Bí ó bá ń fọ́ ẹni tí ń bọ̀ lójú, wọ́n a yọ máàkì kúrò.

Ibi tí wàhálà wà ni pé kí a mú èso LED ki bọ inú ilé hálójìn. Awo dídán tí ó wà lẹ́yìn gílóòbù, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ṣírò pé ìmọ́lẹ̀ yóò ti máa jáde, ìyẹn ojú tí okùn irin náà wà. Èso LED tí a kì bọ̀ ọ́ kì í sábà bọ́ sí ojú ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í tàn yíká bí okùn irin ti ń tàn. Nítorí náà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa fọ́n káàkiri, apá kan a lọ sílẹ̀, apá kan a sì lọ sí ojú ẹni ẹlẹ́ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní Ìlú Ọba, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ẹbí wa ń gbé, láti ọdún 2021 ni àwọn tí ń ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT ti ń já ọkọ̀ tí ó bá fi LED sínú ilé hálójìn kulẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, mo gbé ọkọ̀ mi kọjú sí ògiri ọgbà wa, ó jìnnà tó mítà 10, mo sì tan iná ìsàlẹ̀, kì í ṣe fúùlù o. Ìmọ́lẹ̀ náà gun ògiri, ó gun wáyà orí rẹ̀, ó sì dé ojú fèrèsé aládùúgbò mi lókè. Mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin oníwáyà dá gílóòbù hálójìn padà. Kíá, ìlà kan hàn lára ògiri, ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, òkè rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹnikẹ́ni lè dán èyí wò nílé. Lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ìlà náà rẹlẹ̀ ju iná ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìwọ̀n mítà 10. Bí kò bá sí ìlà, tí ó kàn ń tàn kálẹ̀ bí iná òde ìnáwó, gílóòbù náà kò bá ilé rẹ̀ mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra odidi iná tòkúnbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀, ẹ bèèrè ilẹ̀ tí ó ti wá. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì, tí gbogbo wa ń wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún. Iná tí wọ́n ṣe fún Ìlú Ọba tàbí Japan, níbi tí wọ́n ṣì ń gba apá òsì, apá òsì ni ó máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè sí, kí ó lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà hàn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ojú ẹni tí à ń pàdé ni apá òsì.

Mo wá dé orí ojú tí ó jẹ́ iṣẹ́ mi. Nínú òkùnkùn, ihò dúdú àárín ẹyinjú a ṣí sílẹ̀ gbayawu, awọ tí ó wà lẹ́yìn ojú a sì máa kó agbára rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀. Ó lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó mọ òkùnkùn lára dáadáa. Bí iná líle bá ṣàdédé kọ lù ú, agbára náà a tú dànù, kí ó tó tún kó o jọ a gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹni tí ó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, mítà mẹ́tàdínlógún ni ó ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ojú rẹ̀ bá ṣú fún mẹ́ta péré, ó ti lọ mítà 50 láìríran. Ẹni tí ń sọdá títì kò sì ní iná lára.

Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Bí a ti ń dàgbà, ihò náà kì í ṣí tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, gíláàsì inú ojú sì ń dà bí èyí tí èéfín ti bà. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá wọ inú rẹ̀ a fọ́n ká gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fọ́n lára gíláàsì ọkọ̀ tí ó dọ̀tí. Bí ó bá le sí i, òun ni à ń pè ní kataráàtì, iṣẹ́ abẹ sì ń wò ó sàn. Gilakómà ni ó burú jù. Kì í dunni lọ títí, ẹ̀gbẹ́ ojú ni ó sì ti ń jẹ ìríran wọlé. Ohun tí ó bá jẹ lọ kì í padà, ṣùgbọ́n oògùn ń dá a dúró. Nínú ìwádìí tí a ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, kataráàtì ni ó fọ́ ojú ènìyàn jù, gilakómà sì wà nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi kejì nìyí. Bàbá kórópe yẹn ti wá sí ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì kí ìjàǹbá náà tó ṣẹlẹ̀. Ó ní iná ń yọ òun lẹ́nu lálẹ́, ó ní òun ti fi dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha ògiri rí. Mo ní kí ó lọ sinmi, kí ó sì máa jẹ kárọ́ọ̀tì. Ó yẹ kí n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kárọ́ọ̀tì, ẹ̀fọ́ àti epo pupa dára fún ẹni tí fítámì A kò tó lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń jẹ ọbẹ̀ elépo lójoojúmọ́ kò sábà ní àìtó yẹn. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni mo tó kọ ìwé lé e lọ́wọ́ kí ó lọ rí dókítà ojú. Gilakómà ni wọ́n bá ní ojú méjèèjì, ti ọ̀tún ti jìnnà. Ó ń kán oògùn sójú lálaalẹ́ báyìí, kò sì wa ọkọ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ ni ó gba kọ́kọ́rọ́.

Ẹni tí iná ọkọ̀ bá ń yọ lẹ́nu ju bí ó ti ń yọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó má ṣe ra gílóòbù tuntun kí ó tó lọ yẹ ojú wò. Kí ó sọ fún wọn níbẹ̀ pé òun fẹ́ kí wọ́n wọn ìtẹ̀ inú ojú, kì í ṣe kí wọ́n kàn ní kí òun ka lẹ́tà ara ògiri. LUTH ní Ìdí-Àràbà ń ṣe é, àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá mìíràn náà sì ń ṣe é. Ẹni tí ó ti lé ní 40 ọdún, tàbí tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ti ní gilakómà rí, kí ó máa lọ lóòrèkóòrè.

Tí ó bá sì jẹ́ pé iná pupa yín ni kò mọ́lẹ̀ tó, ẹ wo ojú ike tí ó bò ó. Oòrùn ti sọ púpọ̀ nínú ti tòkúnbọ̀ di bàìbàì. Bí wọ́n bá bó o dán, ẹ ó rò pé ọkọ̀ mìíràn ni. Ẹ nu gíláàsì iwájú ọkọ̀ nínú àti lóde, kí ẹ sì pààrọ̀ wáípà tí ó ti gbó. Bí iná funfun bá ń bọ̀, ẹ dẹ ẹsẹ̀ lórí iná, ẹ má wò ó lójú, etí ọ̀nà lápá ọ̀tún ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ẹ má sì fi fúùlù gbẹ̀san.

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi láti Badore nípa gíláàsì ojú aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tí wọ́n ń kiri nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, pé ǹjẹ́ ó ń gba ojú lọ́wọ́ iná lóru? Àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà dán an wò ní ọdún 2019. Kò ran awakọ̀ lọ́wọ́ láti rí ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹ má rà á.