Àlùbọ́sà Tí Kì Í Ṣe Àlùbọ́sà: Ọ̀rọ̀ Òdòdó Dáfódìlì

Ohun tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀rọ̀ òdòdó ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òdòdó yìí dá ènìyàn mẹ́ta dùbúlẹ̀ nínú ilé kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀tá kankan tí ó fi nǹkan sí oúnjẹ wọn.

Ìyá àgbà kan tí wọ́n máa ń wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lọ́dọ̀ wa ní dìsípẹ́ńsárì ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ọmọ wọn obìnrin bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Ìyá sì lọ bá a wẹ ọmọ. Oṣù kẹwàá ni, òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan àlùbọ́sà tán nílé, Ìyá kò sì fẹ́ yọ ìyá ìkókó lẹ́nu. Wọ́n wọ yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ń kó ṣọ́bìrì sí, wọ́n rí àpò onínẹ́ẹ̀tì kan lára ògiri. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rí rúbúdú, èèpo rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó gbẹ, ó sì fẹ́lẹ́ bíi pépà. Ta ni kò ní pè é ní àlùbọ́sà? Ìyá bó mẹ́ta, wọ́n gé e sínú ata. Wọ́n kíyè sí i pé kò ta àwọn lójú, pé ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá. “Nọ́ọ̀sì mi, mo ní bóyá òtútù ló pa agbára rẹ̀ ni.” Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá wí.

Wákàtí kan kò tíì pé lẹ́yìn oúnjẹ tí èébì fi dé. Ìyá ń bì, ọkọ ọmọ wọn ń bì, àbúrò rẹ̀ tí ó wá kí wọn náà ń bì. Ẹ̀kọ gbígbóná ni ìyá ìkókó mu ní tirẹ̀, òun ni ó sì rí àpò náà tí ó figbe ta. Òdòdó ni ó rà láti gbìn sínú ọgbà.

Dáfódìlì ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yóò sùn sínú ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù, nígbà tí ó bá sì di oṣù kejì títí dé ìkẹrin, yóò yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tàbí funfun tí ó ní ife kékeré láàárín. Òtútù yẹn gan-an ni ó ń jí i, ìdí nìyí tí kì í fi í ṣe dáadáa nílẹ̀ wa níhìn-ín. Àwọn onímọ̀ ewéko tilẹ̀ ka òun àti àlùbọ́sà mọ́ ẹbí kan náà, ṣùgbọ́n ọmọ ẹbí kan kì í hu ìwà kan. Májèlé tí wọ́n ń pè ní lycorine wà nínú ewé, igi àti òdòdó rẹ̀, ó sì pọ̀ jù lọ nínú ìdí rẹ̀ tí ó jọ àlùbọ́sà. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn nǹkan tín-ín-tìn-tín tí ó mú bí abẹ́rẹ́ tún wà lára rẹ̀ tí ń gún ẹnu àti ọ̀fun. Àwọn tí ń já òdòdó náà tà a máa ní èélá àti ìyúnra lọ́wọ́ nítorí oje rẹ̀. Iná kì í sì í pa májèlé yìí. Bí ẹ fẹ́, ẹ sè é láti àárọ̀ dalẹ́.

Kì í ṣe Ìyá nìkan ni ó ti ṣì í mú. Ní 2009, àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Suffolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń kọ́ bí a ti ń se ọbẹ̀. Ìdí dáfódìlì kan bọ́ sáàárín àlùbọ́sà wọn, bí ọmọ méjìlá sì ṣàìsàn. Ní 2012, ní Bristol, àwọn kan jẹ igi òdòdó náà nítorí pé ó jọ ẹ̀fọ́ kan tí àwọn ará Ṣáínà ń jẹ. Nígbà tí ó di 2015, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ìlera ará ìlú ní England nígbà náà kọ̀wé sí àwọn ilé ìtajà ńláńlá pé kí wọ́n má ṣe pàtẹ dáfódìlì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀fọ́ àti èso mọ́.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ ti mọ̀ ọ́n. Narcissus ni orúkọ òdòdó yìí lọ́dọ̀ wọn. Akéwì Róòmù kan, Ovid, ròyìn pé ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà kan ni Narcissus, tí ó kọ gbogbo ẹni tí ó bá nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó tẹ̀ ba létí omi láti mu, ó rí òjìji ara rẹ̀, ó rò pé ẹlòmíràn ni, ìfẹ́ rẹ̀ sì kó sí i lórí. Kò jẹ, kò sùn, ó ń wo omi títí ó fi rù tí ó sì kú. Nígbà tí wọ́n wá òkú rẹ̀, òdòdó ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìtàn mìíràn sọ ti Persephone, ọmọ Demeter, òrìṣà tí ó ni ọkà. Òdòdó narcissus kan tí ó rẹwà ju gbogbo ìyókù lọ ni ọmọbìnrin yìí nawọ́ sí láti já. Ilẹ̀ là, ọba ìsàlẹ̀ ilẹ̀ sì gbé e lọ. Ìyá rẹ̀ banú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí irúgbìn kankan kò fi hù, títí wọ́n fi gbà pé kí ọmọ náà máa padà wá fún apá kan nínú ọdún. Ẹ kò rí i pé ìdẹ ni òdòdó náà nínú ìtàn méjèèjì?

Ṣùgbọ́n Pliny, ará Róòmù tí ó kú ní ọdún 79 nígbà tí òkè Vesuvius bú, sọ pé orúkọ náà kò ti ara ọmọkùnrin inú ìtàn wá rárá. Ó ní ara ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí kíkú tipiri, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú mọ́ni lára, ni ó ti wá. Ó sì kọ ọ́ pé ó ń múni bì. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti Pliny ni mo fara mọ́.

Èmi kò ní fi ohun rere ibẹ̀ pamọ́. Ẹbí rẹ̀ kan wà, snowdrop, òdòdó funfun kékeré tí ń yọ nígbà òtútù. Ní 1952 àwọn onímọ̀ Rọ́ṣíà rí èròjà kan nínú rẹ̀ tí à ń pè ní galantamine. Àwọn ará Bulgaria fi í ṣe oògùn fún àwọn tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ sọ di aláìlágbára. Ní 2001 ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà, èyí tí à ń pè ní Alzheimer. Kì í wò ó sàn, ṣùgbọ́n ó ń mú un rọ̀ fún àwọn kan. Èròjà yìí wà nínú dáfódìlì pẹ̀lú, àwọn àgbẹ̀ kan sì ń gbìn ín lórí òkè ní Wales nítorí rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí fi í ṣe àgbo fún Bàbá tí ń gbàgbé nǹkan. Dókítà ni ó mọ ìwọ̀n oògùn náà.

Bí ẹnìkan bá ti jẹ ẹ́, itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀, inú yóò máa run ún, yóò máa bì, ó sì lè máa yàgbẹ́ gbuuru. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, wákàtí díẹ̀ ni yóò fi lọ. Ọmọdé, arúgbó àti aláboyún ni ẹ̀rù wọn ń bà mí, nítorí omi ara wọn lè tán. Ẹ tu èyí tí ó kù lẹ́nu dànù, ẹ fi omi yọ ẹnu. Ẹ má ti ìka bọ ọ̀fun láti fipá bì í. Ẹ má sì fún un ní epo pupa! Mo mọ̀ pé ohun tí àwọn ìyá wa kọ́ wa ni, ṣùgbọ́n epo kì í pa májèlé, bí aláìsàn bá sì ń bì, epo lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, wàhálà wá di méjì. Mílíìkì kò dára jù ú lọ. Ní England, ẹ tẹ 111 lórí fóònù kí ẹ gba ìmọ̀ràn. Bí kò bá lè mí dáadáa tàbí tí ó dákú, 999 ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ mú èyí tí ó ṣẹ́kù nínú àpò náà lọ́wọ́ lọ sí ọsibítù kí wọ́n lè rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, òdòdó lílì pupa tí ẹnu rẹ̀ là bíi fèrè, tí ọ̀pọ̀ wa ń gbìn síwájú ilé, ẹbí kan náà ni. Ìdí tirẹ̀ náà jọ àlùbọ́sà, lycorine sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ hú u ṣeré. Bí ẹ bá ṣiyè méjì nípa ohun kan tí ó jọ àlùbọ́sà, ẹ gé e kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí kò bá rùn bí àlùbọ́sà, ẹ jù ú nù. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan pẹ̀lú àlùbọ́sà, òórùn tiwọn lè ti mọ́ ọn lára, nítorí náà ibi tí ó ti wá ni kí ẹ bèèrè. Ẹni tí ó bá sì ra ìdí òdòdó, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára àpò, kí ó sì gbé e jìnnà sí ilé ìdáná.

Ara Ìyá yá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti padà sí Ìbàdàn kí ìyókù tí ọmọ wọn gbìn tó yọ. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, Ìyá sì fi hàn mí lórí fóònù: ìlà kan gbọọrọ lẹ́bàá ọgbà, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ìyá ní kí n wò ó dáadáa, pé mẹ́ta ló dín níbẹ̀.