Oníṣòwò tí a Yàn ṣe Olórí Ìṣúra

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀ràn Alexander Stewart wò, oníṣòwò aṣọ tí ó di ọlọ́rọ̀ ńlá ní ìlú New York. Láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú ẹrù rẹ̀ ti ń wá, owó ibodè tí ó ń san kì í sì í ṣe kékeré.

Ní oṣù March ọdún 1869, Ààrẹ Ulysses Grant yàn án ṣe olórí ìṣúra Amẹ́ríkà, Ìgbìmọ̀ Àgbà sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí ni a tó rántí òfin ọdún 1789, tí ó kọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ń ṣòwò láti wà ní ipò náà. Ìdí rẹ̀ hàn gbangba: abẹ́ olórí ìṣúra ni àwọn agbowó ibodè wà. Bí oníbodè bá tún jẹ́ ẹni tí ó ni ẹrù, ta ni yóò tú ẹrù náà wò?

Grant bẹ̀bẹ̀ kí a yọ Stewart sílẹ̀ nínú òfin yìí. Charles Sumner takò ó. Stewart fúnra rẹ̀ wí pé òun yóò fi òwò náà lé àwọn ẹni ìgbẹ́kẹ̀lé lọ́wọ́, kí èrè rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn aláìní níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà lórí oyè. Ọ̀rọ̀ ọlọ́lá ni, èmi kò ní fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: èrè ọdún díẹ̀ ni ó fẹ́ fi sílẹ̀, ilé ìtajà ṣì ń dúró dè é, ohunkóhun tí a bá sì ṣe sí owó ibodè ní àkókò náà yóò bá a níbẹ̀ nígbà tí ó bá padà.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó kọ oyè náà sílẹ̀. George Boutwell ni a fi sí i, Stewart sì padà sí ìdí aṣọ rẹ̀.