Onílé géèmù, ẹ wo páwà páàkì kẹ́ ẹ tó ra káàdì

Láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ l'Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì wà n'Íkọ̀lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹni tó bá ṣí ilé géèmù lágbègbè náà ń wò lójú. Kọ̀ǹpútà tuntun wọ́n. Tòkunbọ̀ Dell tàbí HP tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì òyìnbó ni owó ọ̀pọ̀ ká. Kò burú rárá. Ibi tí owó ti ń ṣègbé ni kéèyàn ra káàdì àwòrán ńlá ní Computer Village, n'Íkẹjà, kó gbé e d'Ékìtì tán, kó tó rí i pé páwà páàkì kò lè gbé e. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ padà s'Ékòó?

Iye wáàtì rẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹ kà á. GTX 1050 Ti tó jáde ní 2016 kò jẹ ju wáàtì 75 lọ, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kò sì nílò wáyà mìíràn. Epo jẹnẹrétọ̀ náà á sinmi díẹ̀. SSD á jẹ́ kí géèmù tètè ṣí, àmọ́ kò ní kí àwòrán má fà. Bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ pẹlẹbẹ, káàdì tẹ́ẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ béèrè, kí ẹni tó ń tà á sì tan géèmù lórí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.