Àbíkú ni Superman: Ìdí tí àyípadà inú kọ́míìsì kì í fi í tọ́jọ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Kò tiẹ̀ kí mi dáadáa tó fi figbe ta: "Bọ̀ọ̀dá, wọ́n tún ti dá gbogbo ẹ̀ padà! Mi ò ra ìwé wọn mọ́ láyé mi." Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Owó dátà ẹ̀ ló máa ń ṣẹ́ jọ fi ra kọ́míìsì Amẹ́ríkà sórí fóònù. Mo rẹ́rìn-ín, kì í ṣe pé mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ rí.

Nígbà tí mo wà ní pólì, mo rí ìwé Superman kan lọ́wọ́ bàbá tó ń pàtẹ ìwé àlòkù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Owó oúnjẹ ọjọ́ méjì ni mo kó fún un. Inú ìwé yẹn ni Superman kú sí. Mo kà á tán, ọkàn mi bàjẹ́, mo wá lọ ròyìn fún ẹni tá a jọ ń gbé yàrá. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ará oko, ó ní, "Ìwọ náà! Ọkùnrin yẹn ti jí tipẹ́." Ebi ọjọ́ méjì yẹn, mi ò gbàgbé ẹ̀ títí dòní.

Torí náà, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Kí ló dé tó jẹ́ pé àyípadà ńlá tí àwọn tó ń ṣe kọ́míìsì akọni ń ṣèlérí, kì í pẹ́ tí nǹkan fi ń padà sí bó ṣe wà? Àti pé kí ló ń bí àwọn tó ń kà á nínú gan-an?

Àwọn tó kú tí wọ́n tún jí

Oṣù Kọkànlá ọdún 1992 ni nọ́ńbà 75 ìwé Superman jáde. Òun àti Doomsday lu ara wọn pa ní ìgboro Metropolis. Ilé iṣẹ́ DC kó ẹ̀dà kan sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n sì fi aṣọ dúdú tí aṣọ̀fọ̀ ń so mọ́ apá sí i. Àìmọye mílíọ̀nù ẹ̀dà ló tà. Kí ọdún 1993 tó parí, Superman ti padà.

Ọdún 1993 yẹn náà ni Bane ṣẹ́ Batman léegun ẹ̀yìn tí ẹlòmíì fi gba aṣọ ẹ̀ wọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Bruce Wayne gba aṣọ ẹ̀ padà. Jean Grey inú X-Men kú lọ́dún 1980, ó jí lọ́dún 1986. Wọ́n yìnbọn pa Captain America lọ́dún 2007, ọdún 2009 ni ìtàn àjíǹde ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wolverine kú lọ́dún 2014, ó dé lọ́dún 2018. Ti Human Torch ló tún pa mí lẹ́rìn-ín jù: ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011 ló kú, ọdún yẹn ò tíì parí tó fi padà wálé.

Àwọn àgbà ní àbíkú sọ olóògùn di èké. Níbí, òǹkọ̀wé ni àbíkú sọ di èké.

Ìgbéyàwó tí wọ́n fi rọ́bà pa rẹ́

Ikú nìkan kọ́ o. Bóyá ló tún sí èyí tó dun àwọn olólùfẹ́ kọ́míìsì tó ti Spider-Man. Ọdún 1987 ni Peter Parker gbé Mary Jane níyàwó. Lọ́dún 2006, nínú ìtàn Civil War, Peter ṣí ìbòjú níwájú àwọn oníròyìn, ó dárúkọ ara ẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn òǹkàwé ní háà! Èyí ò ṣeé dá padà mọ́.

Wọ́n dá a padà. Ìparí ọdún 2007 ni ìtàn One More Day bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yìnbọn fún May, àǹtí tó tọ́ Peter dàgbà. Peter àti Mary Jane wá bá ẹ̀mí burúkú kan tó ń jẹ́ Mephisto ṣe àdéhùn: kó dá ẹ̀mí May sí, kó sì mú ìgbéyàwó àwọn lọ. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ báyìí, kò sẹ́ni tó rántí pé wọ́n fẹ́ra rí, ayé sì gbàgbé ẹni tó wà lábẹ́ ìbòjú. Ogún ọdún ìtàn, ó ti lọ! J. Michael Straczynski tó kọ ọ́ sọ ọ́ ní gbangba pé òun ò fara mọ́ bí wọ́n ṣe ní kí òun parí ẹ̀. Joe Quesada, ọ̀gá àwọn olóòtú Marvel nígbà náà, ló ya àwòrán ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé Spider-Man tó níyàwó ti dàgbà jù.

Tí ẹ bá rò pé wọ́n ti kọ́gbọ́n, ẹ wo Superman. Oṣù Kejìlá 2019 ló sọ fún ayé pé òun ni Clark Kent. Nígbà tí ọdún 2022 ń parí lọ, Lex Luthor mú kí ayé gbàgbé.

Ta ló nilé?

Ọ̀rọ̀ owó ilé ni ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1938, Jerry Siegel àti Joe Shuster, àwọn ọ̀dọ́ méjì láti Cleveland, ta Superman fún ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ ní dọ́là 130. Látọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ Superman, ayálégbé ni. Ayálégbé lè kun ilé ní àwọ̀ tó wù ú, ó lè pààrọ̀ kọ́tìnì. Ṣùgbọ́n kò lè wó ògiri. Bó bá sì kó jáde, ayálégbé tuntun á tún ilé kùn, onílé á sì rí i pé iwájú ilé rí bí àwọn èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n.

Ta wá ni onílé? Disney ló ra Marvel lọ́dún 2009 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Warner ló ni DC. Èrè ìwé kékeré yẹn kọ́ ni wọ́n ń wá. Fíìmù, ṣẹ́ẹ̀tì, báàgì ọmọ iléèwé, bèbí, géèmù, ibẹ̀ lowó wà. Ọmọ tó ti ilé sinimá bọ̀ gbọ́dọ̀ bá Peter Parker tó mọ̀ nínú ìwé, kì í ṣe bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta tí irun ẹ̀ ti ń funfun. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé Stan Lee ló sọ ọ́, pé kí wọ́n fún òǹkàwé ní ohun tó jọ àyípadà, kó má jẹ́ àyípadà gan-an.

Ṣùgbọ́n ohun tí ò bá yí padà, ta ló máa rà á lóṣooṣù? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pariwo. Ikú ń tà, nọ́ńbà 1 tuntun ń tà. Láyé 1990 yẹn, àwọn kan ń ra ẹ̀dà márùn-ún, ẹ̀dà mẹ́wàá, wọ́n rò pé yóò di owó ńlá lọ́la. Nígbà tó yé wọn pé ohun tí gbogbo èèyàn ní kì í wọ́n, ọjà dojú dé. Lóṣù Kejìlá 1996, Marvel sá sábẹ́ ààbò ilé ẹjọ́ nítorí gbèsè.

Ìjàpá náà ń kú, ó ń jí

Ẹlòmíì á ní, kí ló wá burú níbẹ̀? Ṣebí Ìjàpá tiwa náà, wọ́n á pa á lálẹ́ òní, tó bá dọ̀la, ó tún ti ń lọ sóko àna ẹ̀. Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó bínú sí màmá àgbà rí torí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ ibẹ̀. Màmá àgbà ò ṣèlérí pé Ìjàpá ò ní jí mọ́. Àlọ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó sì níparí tiẹ̀. A ò sì sanwó. Àwọn ti Amẹ́ríkà ń sọ fún ẹ pé nǹkan ò ní rí bákan náà mọ́ láéláé, wọ́n sì ń gbowó lórí "láéláé" yẹn. Àjíǹde kọ́ ló ń bí òǹkàwé nínú, ìlérí ni. Ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ pé akọni á padà. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ẹkún tí wọ́n sun, ìdùnnú tí wọ́n bá Peter yọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹnì kan lè jókòó ní ọ́fíìsì kó ní kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ká má parọ́ o, àwọn àyípadà kan ti dúró. Dick Grayson tó jẹ́ Robin di Nightwing lọ́dún 1984, orúkọ yẹn ló sì ń jẹ́ dòní. Miles Morales dé lọ́dún 2011, kò lọ mọ́. Ẹ wò ó dáadáa: èyí tí wọ́n fi kún ilé ló máa ń dúró. Èyí tí wọ́n bá fi rọ́pò onílé, ìyẹn ni kì í tọ́jọ́.

Ibi tí ìtàn ti ń parí

Níbi tí ẹni tó dá ìtàn sílẹ̀ bá ti lágbára lórí ẹ̀, ìtàn máa ń parí. Masashi Kishimoto bẹ̀rẹ̀ Naruto lọ́dún 1999, ó parí ẹ̀ lọ́dún 2014. Naruto dàgbà, ó di Hokage, ó bímọ. Lóòótọ́, wọ́n ń ta ìtàn ọmọ ẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n wọn ò sọ bàbá di ọmọdé padà. Invincible ti Robert Kirkman bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003, ó parí ní nọ́ńbà 144 lọ́dún 2018. Ẹni tó kú níbẹ̀, ẹ̀rù ikú ẹ̀ máa ń bà ẹ́.

Èyí kan àwa náà. Iyanu tí Roye Okupe dá sílẹ̀ láti inú àṣà Yorùbá ti kúrò nínú ìwé, ó ti di káátúùnù lórí tẹlifíṣàn lọ́dún 2025. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya akọni tiwọn pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé ẹnikẹ́ni, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ rántí dọ́là 130.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò ju báyìí lọ: má fowó ẹ ra ariwo. Tẹ̀ lé òǹkọ̀wé tó o fẹ́ràn, dúró kí ìtàn ẹ̀ parí, kó o wá rà á lódindi. Ohun tí ayálégbé tó ń bọ̀ bá ṣe, ìyẹn ò lè pa ohun tó o ti kà rẹ́.

Ó ní òun ti gbọ́, ó dúpẹ́. Lánàá ló tún pè: "Bọ̀ọ̀dá, èyí tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n ní kò ní yí padà mọ́ o."