Epo, Ọ̀dà àti Ọtí: Àlàyé Ṣókí lórí Àwọn Àkópọ̀ Kábọ́ọ̀nù ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Orúkọ kan náà, epo, ni Yorùbá fi ń pe epo pupa, epo rọ̀bì àti epo ọkọ̀. Nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì, wọn kì í ṣe ọmọ ìdílé kan náà. Ohun mẹ́ta tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, èyíinì ni ọ̀dà, epo pupa àti ògógóró, ni iṣẹ́ yìí fi ṣe àlàyé ìyàtọ̀ náà.

Kábọ́ọ̀nù ni ìpìlẹ̀ wọn. Átọ́ọ̀mù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ mẹ́rin. Ó lè fi wọ́n di kábọ́ọ̀nù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú, kí wọ́n so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n tàbí bí òrùka. Bí ó bá ṣe háídírójìn nìkan ni ó gba àwọn ọwọ́ yòókù, háídírókábọ́ọ̀nù ni àkópọ̀ bẹ́ẹ̀. Mẹ́tẹ́ènì, CH₄, ni ó kéré jù. Bí ẹ̀wọ̀n ti ń gùn sí i ni ó ń kúrò ní gáàsì, tí ó ń di olómi, tí ó sì ń ki.

Ọ̀dà wà ní ìpẹ̀kun tí ó ki jù. Ní 1908 ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ sí wá epo ní àgbègbè Okitipupa, kí ogun àgbáyé tó dá a dúró ní 1914. Háídírókábọ́ọ̀nù ńláńlá ni ó pọ̀ jù nínú ọ̀dà, pẹ̀lú ìwọ̀nba imí-ọjọ́.

Ọ̀rá epo pupa ní ọ́síjìn. Nítorí náà, kì í ṣe háídírókábọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n kárótíìnì, C₄₀H₅₆, tí ó fún un ní àwọ̀, jẹ́ háídírókábọ́ọ̀nù pọ́ńbélé, ara ènìyàn sì ń sọ ọ́ di fítámì A. Bí epo bá pẹ́ lórí iná títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí, kárótíìnì náà ni ó bàjẹ́.

Étánọ́ọ̀lì, C₂H₅OH, ni ó ń pani nínú ògógóró. Mẹ́tánọ́ọ̀lì, CH₃OH, fi kábọ́ọ̀nù kan péré kéré sí i, ó sì jọ ọ́ ní ìrísí. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ń sọ mẹ́tánọ́ọ̀lì di ásíìdì tí ń ba iṣan ojú jẹ́. Ní oṣù kẹrin 2015, ó ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tí ó kú ní Òde-Ìrèlè, lẹ́yìn orí fífọ́ àti ojú ṣíṣú. Àwọn kan pè é ní ìbínú òrìṣà. Àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lì ni.

Nítorí náà, kò tó kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ orúkọ ìdílé nìkan. Ó yẹ kí ó lè ka iye kábọ́ọ̀nù, kí ó sì mọ ohun tí ó so mọ́ ọn.