Títò àti Kíkun Ọkọ̀ Àwòṣe Oníke: Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Tí Ó Yẹ Iṣẹ́ Náà

Ìyàtọ̀ wà láàrin ọkọ̀ ìṣeré àti ọkọ̀ àwòṣe. Ọmọdé lè fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀, kí ó fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó sì máa fi okùn wọ́ ọ kiri. Ọkọ̀ ìṣeré ni èyí, nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ kò bá ti ọkọ̀ kankan mu. Àwòṣe ni èyí tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ fi ìwọ̀n kan náà kéré sí ti ojúlówó. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì fún ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ títo irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Èkíní ni ìwọ̀n ìdínkù. Ọkọ̀ Volkswagen tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún 1975, yóò jẹ́ àpẹẹrẹ. Láti àárín ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ 240 sẹ̀ǹtímítà. Nínú àwòṣe rẹ̀ tí Tamiya ti ilẹ̀ Japan ṣe ní ìwọ̀n 1/24, àlàfo yìí yẹ kí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Ṣùgbọ́n gígùn, ìbú àti gíga ni ìwọ̀n yìí ń dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fẹ́ fi irú àwòṣe náà dí àyè tí ojúlówó gbà, 24 kò ní tó. 24 lọ́nà 24 lọ́nà 24 ni, èyí tí í ṣe 13,824. Nítorí náà, ìwọ̀n ìdínkù gígùn ni orúkọ tí ó pé jù.

Àwọn ẹ̀yà àwòṣe máa ń wà lára ẹ̀ka ike bí èso lára igi, nítorí pé ńṣe ni a yọ́ ike tí a ń pè ní polystyrene, tí a sì fi agbára tì í wọ inú móòdù irin. A kì í fi ọwọ́ já wọn. A máa ń fi ohun tí ó mú gé wọn, kí a sì fi sáńpépà dán ojú ibi tí a gé. Lẹ́yìn náà ni a óò fi omi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, nítorí pé ọ̀dà kì í di ibi tí ó ní ọ̀rá mú.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ó máa ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà jù lọ. Bí a bá pe nǹkan olómi tí a fi ń so àwọn ẹ̀yà pọ̀ ní gọ́ọ̀mù, ẹni tí ó gbọ́ yóò rò pé bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe lágbára tó. Yóò dà á sí i púpọ̀, ike yóò rọ̀, ojú rẹ̀ yóò hunjọ, ìka ọwọ́ yóò sì fi àpá sí i. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ yóò bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú kan.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé nǹkan olómi náà kì í lẹ ike pọ̀. Ńṣe ni ó ń yọ́ ọ. Ojú méjèèjì yóò yọ́ díẹ̀, wọn yóò wọnú ara wọn, omi náà yóò fẹ́ lọ bí oru, ike nìkan ni yóò sì kù. Iṣẹ́ jórinjórin ni èyí jọ, kì í ṣe ti káfíńtà. Oje ìyọ́pọ̀ ni ó yẹ kí a pè é. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí yóò mọ̀ pé ẹ̀kán díẹ̀ ti tó, pé ó yẹ kí òun há ọ̀dà kúrò ní ojú oríkèé kí òun tó fi sí i, àti pé ó yẹ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí iná sì jìnnà, nítorí oru rẹ̀. Gíláàsì ọkọ̀ ni gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà yẹ fún, nítorí pé kì í yọ́ ike, kì í sì í jẹ́ kí ó ṣú.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀dà ìpìlẹ̀, èyí tí a ń kọ́kọ́ kùn kí ọ̀dà aláwọ̀ lè rí ibi dì mú. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, a óò kun ọ̀dà aláwọ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí a tó fi gíláàsì sí i. Ìdí rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kìíní: ọ̀dà kì í bá ọkọ̀ dín kù. Ọ̀dà tí ó nípọn tó 0.1 mìlímítà lára àwòṣe 1/24 dà bí ìgbà tí a fi ọ̀dà 2.4 mìlímítà bo ojúlówó ọkọ̀. Yóò dí ojú ìlà ilẹ̀kùn pátápátá.

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bákan náà ni orúkọ ohun èlò: bí ó bá sọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe, yóò kó ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìjánu kí ó tó ba iṣẹ́ jẹ́.